Ìdùbúlẹ̀ nìkan kọ́ ni ìsinmi
Ohun tí ó yẹ kí ará ilé mọ̀ nípa gbígbé aláìsàn dìde ní kíákíá nínú yàrá réanimation

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba títì Cotonou sí Parakou kọjá ní Paouignan ni yóò rí gàrí lẹ́bàá ọ̀nà. Iṣẹ́ gàrí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. A óò wú gbágùúdá lóko, a óò rù ú wálé, a óò bó o, a óò rin ín, a óò fún omi rẹ̀ dànù, a óò jọ̀ ọ́, kí a tó jókòó ti iná láti yan án. Ọwọ́, ẹ̀yìn, itan àti ẹsẹ̀ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Nítorí náà, bí àìsàn líle bá dá irú ìyá bẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀, ìbéèrè méjì ni ó máa ń wà lọ́kàn àwọn ará ilé rẹ̀. Èkínní ni pé, ǹjẹ́ yóò yè? Èkejì, tí a kì í sábà fi ẹnu sọ, ni pé, bí ó bá yè, ǹjẹ́ yóò tún lè dá dúró nídìí agbada gàrí rẹ̀?

Àwọn oníṣègùn káàkiri ayé ti ń kọ́ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn pé kò yẹ kí ìbéèrè kejì dúró de èkínní. Láti ìgbà tí aláìsàn ṣì wà láàárín ẹ̀rọ àti oògùn ni ó ti yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn rẹ̀, nípa mímú kí ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Apá kan nínú iṣẹ́ yìí jẹ́ ti dókítà àti nọ́ọ̀sì. Apá kan sì jẹ́ ti ará ilé, àti ti èdè tí aláìsàn gbọ́.

Ọ̀nà tí ó jìn

Paouignan wà nínú kọ́múnù Dassa-Zoumè, ìyẹn Igbó Ìdáàṣà, ní ẹkùn Collines. Kò sí yàrá réanimation ní ìtòsí ilé. Bí ọkọ̀ tàbí alùpùpù bá gbá ènìyàn lórí títì, bí àrùn rọpá-rọsẹ̀ bá kọlu àgbàlagbà, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí kò sì dá, ilé ìwòsàn agbègbè ni a kọ́kọ́ ń gbé e lọ. Bí ọ̀ràn bá kọjá agbára ibẹ̀, ó di Abomey, ó di Parakou, tàbí CNHU-HKM ní Cotonou, tí ó lé ní 150 kìlómítà sí Paouignan.

Yàrá réanimation ni ibi tí a ti ń ṣọ́ aláìsàn tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu tọ̀sán-tòru. Ẹ̀rọ lè máa bá a mí. Rọ́bà lè wà ní ọ̀fun rẹ̀, òmíràn ní imú, òmíràn fún ìtọ̀. Omi oògùn ń kán sínú iṣan rẹ̀. Ará ilé kì í lè wọlé bí ó ti wù ú. Ẹ̀yìn ilé ni àwọn tí a ń pè ní garde-malade máa ń tẹ́ ẹní sí, wọn a máa dúró de ìwé oògùn tí wọn yóò lọ rà. Nígbà tí a bá sì jẹ́ kí wọ́n wọlé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń ti ẹnu wọn jáde ni pé, «Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó sinmi.»

Àánú ni ó ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsinmi yàtọ̀ sí àìyíra.

Ohun tí ìdùbúlẹ̀ ń ṣe sí ara

Ara ènìyàn kò yàtọ̀ sí àdá. Èyí tí a ń lò ń dán, èyí tí a gbé kọ́ igun ilé ń dípẹtà. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ láìyíra, ẹran itan àti ti apá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í joro láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí àìsàn líle bá tún wà lára, ara fúnra rẹ̀ á máa jẹ ẹran ara rẹ̀ láti fi wá agbára. Ní London, àwọn olùwádìí wọn ẹran itan àwọn aláìsàn 63 tí ó wà ní réanimation, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá péré, ẹran itan náà ti fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 fẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Kí ìyá kan tó lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ibùsùn, itan tí ó fi ń dìde láti orí àpótí ìjókòó rẹ̀ ti di aláìlágbára.

Ẹran ara nìkan kọ́. Oríkèé tí a kò ṣẹ́ tí a kò nà á le. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rìn dáadáa lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá ṣí kúrò níbẹ̀, tí ó gòkè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn lójijì. Ikọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sọ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ó sùn gbalaja, àrùn mìíràn á sì ti ibẹ̀ wọlé. Ibi tí egungun ti kan ibùsùn, ní ìdí, ní gìgísẹ̀, ní èjìká, awọ ibẹ̀ á di egbò.

Lẹ́yìn náà ni ti ọkàn. Aláìsàn tí a fi oògùn mú sùn fún ọjọ́ púpọ̀, tí kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán, lè jí kí ọkàn rẹ̀ dàrú. Á máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, á máa fẹ́ fa rọ́bà yọ, á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé mìíràn a máa rò pé aráyé ni ó ń bá a jà. Àìsàn líle, oògùn, àìsùn àti ìdùbúlẹ̀ ni ó sábà máa ń fa ìdàrúdàpọ̀ yìí.

Ní ilẹ̀ Faransé, Bernard De Jonghe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn aláìsàn 95 wò, àwọn tí ẹ̀rọ ti bá mí fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré jù, tí wọ́n sì ti jí. Ní ọdún 2002 ni wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí: ìdá kan nínú mẹ́rin ni apá àti ẹsẹ̀ wọn ti rọ gidigidi. Ní Toronto, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, a tẹ̀lé àwọn 109 tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọṣẹ́ tí wọ́n sì yè. Lẹ́yìn ọdún kan gbáko, nǹkan bí ìdajì nínú àwọn tí a rí yẹ̀ wò ni ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró wọn ti sàn púpọ̀, àìlágbára iṣan wà lára ohun tí ó dá wọn dúró jù.

Ìmọ̀ tí ó ti pẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1899, oníṣẹ́ abẹ kan ní Chicago, Emil Ries, ti kọ ọ́ pé àwọn obìnrin tí òun ṣiṣẹ́ abẹ fún lè tètè dìde, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi tiwọn sórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ní ọdún 1947, dókítà Richard Asher ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún àwọn oníṣègùn pé ibùsùn pàápàá ní ewu tirẹ̀.

Réanimation gan-an kò tíì sí nígbà náà. Ọdún 1952 ni àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, tí ọ̀pọ̀ ọmọdé kò sì lè mí mọ́. Dókítà Bjørn Ibsen dá a lábàá pé kí a la ihò sí ọ̀fun wọn, kí a máa fi ọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru, wọ́n sì gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Ibsen dá yàrá àkànṣe kan sílẹ̀ fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ̀rọ ti ń rọ́pò ọwọ́ ènìyàn, àṣà mìíràn wọlé. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn mú aláìsàn sùn wọra, kí ó má baà bá ẹ̀rọ jà. Ẹ̀mí ń yè, ṣùgbọ́n ara ń ṣòfò. Ní Salt Lake City, ní Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Polly Bailey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbìyànjú ọ̀nà mìíràn: wọ́n jẹ́ kí aláìsàn jí, wọ́n mú un jókòó, wọ́n mú un rìn, bí rọ́bà ẹ̀rọ bá tilẹ̀ wà ní ọ̀fun rẹ̀. Ní ọdún 2007, wọ́n ròyìn aláìsàn 103 tí a gbé dìde nígbà 1,449. Ìgbà tí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kò yẹ kò tó ẹyọ kan nínú 100, rọ́bà ọ̀fun ẹnikẹ́ni kò sì yọ.

Ọdún 2009 ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù dé, láti Chicago àti Iowa. A pín aláìsàn 104 sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo ara wọn láàárín àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ lórí ẹ̀rọ, àwọn yòókù dúró de àkókò tí ó mọ́ àwọn dókítà lára. Nígbà tí wọ́n fi ń kúrò nílé ìwòsàn, ìdá 59 nínú 100 àwọn ti àkọ́kọ́ ni ó lè dá wẹ̀, tí ó lè dá wọṣọ, tí ó sì lè dá rìn. Nínú àwọn kejì, ìdá 35 ni. Ọjọ́ tí ọkàn fi dàrú náà dín kù, láti mẹ́rin sí méjì.

Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka èyí tán kí ó sáré lọ fa bàbá rẹ̀ dìde lórí ibùsùn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìwádìí mìíràn ti fi hàn pé òótọ́ ni.

Ní ọdún 2015, a tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn 2,104 tí àrùn rọpá-rọsẹ̀ kọlù. Àwọn tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé dìde kí wákàtí 24 tó pé, tí a sì ń gbé dìde léraléra fún ìgbà pípẹ́, kò sàn tó àwọn tí a fi sùúrù ṣe tiwọn. Ní ọdún 2022, ìwádìí kan tí ó kan aláìsàn 750 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà fi àwọn tí wọ́n ń mú ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lójúmọ́ wé àwọn tí tiwọn jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Àlékún iṣẹ́ náà kò mú èrè wá, ó sì mú kí ìfúnpá tàbí lílù ọkàn tí ó yí padà lójijì pọ̀ sí i. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí a tètè bẹ̀rẹ̀, kí ó kéré, kí ó wọn, kí ó sì bá agbára aláìsàn mu. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, dókítà á wò bóyá ìfúnpá dúró, bóyá afẹ́fẹ́ tó nínú ẹ̀jẹ̀, bóyá kò sí egungun ẹ̀yìn tàbí ọrùn tí ó ṣẹ́, bóyá ẹ̀jẹ̀ kò dà. Bí aláìsàn kò bá tíì jí, a ń gbé orí ibùsùn sókè díẹ̀, a ń yí i padà láti ìhà kan sí èkejì, a ń ṣẹ́ oríkèé rẹ̀, a sì ń nà án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyá wa kò ṣàjèjì sí èyí. Ohun tí ìyá àgbà ń ṣe fún ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn ìwẹ̀ ni, nígbà tí ó bá ń na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí aláìsàn bá jí, á fún ọwọ́ ẹni mọ́wọ́, á gbé ẹsẹ̀ sókè fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò jókòó sétí ibùsùn, kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, àga. Lẹ́yìn náà, ìdúró. Lẹ́yìn náà, ìṣísẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta. Bí èémí bá yá jù, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà, a ó dúró, a ó sì padà sẹ́yìn.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí jù ni a ń pè ní kinésithérapeute, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gé kúrú sí kiné. Faculté des Sciences de la Santé ní Cotonou ń kọ́ wọn. Níbi tí kiné kò bá sí, nọ́ọ̀sì, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ àti ará ilé lè pín iṣẹ́ náà ṣe lábẹ́ àṣẹ dókítà. Ohun tí ó gbà kò wọ́n: ìrọ̀rí, àga tí ó dúró dáadáa, aṣọ tí a ká, àti ọwọ́ ènìyàn méjì.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún tí aláìsàn gbọ́dọ̀ gbọ́

Ibí yìí ni ọ̀ràn èdè ti wọlé. Láti mọ̀ bóyá aláìsàn ti jí, De Jonghe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo àṣẹ márùn-ún. Ẹni tí ó bá ṣe mẹ́ta nínú wọn, a kà á sí ẹni tí ó ti jí. Àwọn àṣẹ náà nìyí ní èdè wa:

Ẹ la ojú yín, kí ẹ pa á dé.
Ẹ wò mí.
Ẹ ya ẹnu, kí ẹ yọ ahọ́n síta.
Ẹ mi orí bí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.
Bí mo bá ti ka ení dé àrún, ẹ gbé irun òkè ojú yín sókè.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú inú wo ìyá kan láti Paouignan, tí ó gbọ́ Ìdáàṣà, tí ó gbọ́ Mahi, tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Faransé. Ó jí láàárín ariwo ẹ̀rọ, rọ́bà wà lọ́fun rẹ̀, kò lè fọhùn. Ẹnìkan tí ó bo imú dé ojú bẹ̀ ẹ́ wò, ó sì wí pé: «Ouvrez les yeux! Tirez la langue!» Ìyá náà ń wò, kò ṣe nǹkan kan. A lè kọ ọ́ sínú ìwé pé kò tíì jí, tàbí pé ọkàn rẹ̀ dàrú. A lè fi oògùn oorun kún un. Ọjọ́ tí ó yẹ kí ó jókòó sétí ibùsùn á kọjá lọ, itan rẹ̀ á sì máa joro. Etí rẹ̀ kò di, orí rẹ̀ kò dàrú. Àṣẹ náà ni kò bá a ní èdè tí ó gbọ́.

Nítorí náà, ará ilé tí a bá jẹ́ kí ó wọlé kì í ṣe àlejò lásán. Kí ó sọ fún àwọn olùtọ́jú, láti ọjọ́ kìíní, èdè wo ni aláìsàn gbọ́, orúkọ wo ni a ń pè é nílé, bóyá ó ń lo awò ojú, bóyá etí rẹ̀ kan wúwo. Kí ó súnmọ́ ọn, kí ó sọ pé: «Ìyá, ẹ kú ewu. Èmi ọmọ yín ni. Ilé ìwòsàn ni ẹ wà. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Ẹ̀rọ ni ó ń bá yín mí, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi lè sọ̀rọ̀. Ẹ fún ọwọ́ mi.» Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú kí ọkàn tí ó ń ṣáko wálé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: dókítà ni ó mọ̀ bóyá ara lè gbéra, ará ilé ni ó sì mọ ọ̀rọ̀ tí yóò gbé e.

Nígbà tí a bá padà délé

Ọjọ́ tí aláìsàn bá kúrò nílé ìwòsàn, iṣẹ́ kò tíì parí. Ní abúlé, ìfẹ́ á fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Gbogbo agbo ilé á dìde: ẹni tí yóò wẹ̀ fún un, ẹni tí yóò fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, ẹni tí yóò ní kí ó má dìde rárá. Àwọn ìmọ̀ràn wọ̀nyí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ohun tí ó bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ẹ jẹ́ kí ó ṣe é, bí ó bá tilẹ̀ pẹ́: kí ó bọ́jú, kí ó di ṣíbí mú, kí ó wọ aṣọ. Kí ó máa jókòó jẹun, kí ó má ṣe dùbúlẹ̀ jẹun. Kí ó máa rìn lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹni tí yóò dúró tì í: lónìí láti orí ẹní dé ẹnu ọ̀nà, lọ́jọ́ mìíràn dé abẹ́ igi máńgòrò, lẹ́yìn náà dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ẹ fi ẹfun sàmì sára ògiri fún ibi tí ó dé, kí òun náà lè rí ìlọsíwájú rẹ̀. Iṣan kò lè padà láìsí oúnjẹ tí ó ń kọ́ ara. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀pà àti wàrà tí a fi sójà ṣe wà ní ọjà wa.

Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ tí ó sì ń dùn ún, ẹ má ṣe fi òróró wọ́ ọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, tàbí tí èémí rẹ̀ ń há, tàbí tí ibà dé, tàbí tí egbò yọ ní ìdí tàbí ní gìgísẹ̀, ẹ padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Agbára lè pẹ́ kí ó tó padà. Oṣù ni a ń kà fún un. Ẹni tí ó bá ń rẹ̀ ní kíákíá kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì yẹ kí a bá a wí.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀rẹ̀ wà nílé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá jókòó lórí ẹní lẹ́yìn yàrá réanimation ní Abomey, ní Parakou tàbí ní Cotonou, tí ó ń dúró de ìròyìn ẹni rẹ̀, lè fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ bi dókítà ní ìbéèrè kan lójoojúmọ́: «Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó lè fi ara rẹ̀ ṣe lónìí, kí sì ni a lè bá yín ṣe?» Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò tíì tó àkókò, kí ó gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́la, kí ó tún béèrè.